Ìwé Àdéhùn Epo Pààrọ̀ Ọwọ́: Ta Ni Yóò San Gbèsè Tí Ó Wà Nílẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí Mẹ́kà. Ọ̀rọ̀ epo ni: epo tí a ń bù fún ẹ̀rọ ńlá tí ń dá iná mànàmáná, ìwé àdéhùn tí a fi ń rà á, àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ìwé náà bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú yín yóò béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà ilé kéwú nínú ọ̀rọ̀ gáàsì àti dísù. Ó kàn mí nítorí pé iná ni a fi ń fa omi àlùwàlá, iná ni aránṣọ fi ń ránṣọ, iná ni ẹlẹ́ja tútù fi ń tọ́jú ọjà rẹ̀. Bí epo bá dá, gbogbo rẹ̀ dúró. Ó sì kàn mí nítorí pé àdéhùn ni. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, èyí tí ó wà nínú Súrátù Bákárà, kì í ṣe orí ìrun kíkí ni ó dá lé. Orí kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà jáde ni ìbéèrè kan tí ìyá olóúnjẹ kan bi mí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ìyá yìí ti ń tà, kì í ṣe ní ìlú tiwa níbí. Àwọn awakọ̀ tí ń gbé epo lọ sí iléeṣẹ́ kan ni oníbàárà rẹ̀. Wọ́n ń jẹun láwìn, agbaṣẹ́ṣe tí ó gba iṣẹ́ epo náà ni ó sì máa ń san owó fún un ní ìparí oṣù. Nígbà tí ó ṣe, iléeṣẹ́ náà gba ìwé epo kúrò lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, ó ní òun yóò máa bójú tó o fúnra òun. Agbaṣẹ́ṣe ní kí ìyá lọ bá iléeṣẹ́. Iléeṣẹ́ ní kí ìyá lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Ìyá ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ni ó jẹ mí lówó?" N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, nítorí pé ẹnu ìyá nìkan ni mo ti gbọ́, n kò gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tóbi ju owó oúnjẹ lọ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti wà lórí irú rẹ̀ fún ọdún tí ó ju mẹ́wàá lọ, kò sì tíì rí i yanjú tán.

Àwa ará Ìperindó kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tí ń dá iná fún ara rẹ̀. Nítòsí wa, láàárín Ìperindó, Odò-Ìjẹ̀ṣà àti Ìmògbárà, ni iléeṣẹ́ ìwakùsà wúrà Sẹ̀gilọlá wà. Ní oṣù keje ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà níbẹ̀. Ní ọdún 2022 nìkan, wúrà tí wọ́n rí tó nǹkan bí 98,000 áúnsì. Ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta wúrà kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Bí iná bá já, ọlọ yóò dúró, omi àti òkúta lílọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀ bí ògì. Nítorí náà, kò sí oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lé iná ìjọba lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni yóò rà, ẹ̀rọ náà yóò sì máa jẹ epo. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí a ń wí kò jìnnà sí ilé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.

Kí ni ó máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé iye owó lítà kan nìkan ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé náà yóò sọ iye epo tí a gbọ́dọ̀ gbé wá lójoojúmọ́. Yóò sọ ibi tí epo ti di ti olùrà, bóyá ní ẹnu ibùdó olùtà ni tàbí ní ẹnu ẹ̀rọ. Yóò sọ mítà ẹni tí a ó gbà gbọ́, àti iye ìgbà tí a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò nínú ọdún. Yóò sọ iye ọjọ́ tí owó lè fi pẹ́ kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Yóò sọ ẹni tí yóò ru àdánù bí ọkọ̀ bá dojú dé lójú ọ̀nà, ẹni tí yóò jẹ ìyà bí epo kò bá dé, àti ẹni tí yóò jẹ ìyà bí epo bá dé tí kò sì sí ẹni tí yóò lò ó. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú wọn, owó ni. Bí ìwé náà bá wá pààrọ̀ ọwọ́, gbogbo ìlà wọ̀nyí ni ó pààrọ̀ ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó dùn mọ́ ni nìkan.

Ní ti gáàsì, ọ̀rọ̀ náà le ju ti dísù lọ. Dísù, ẹ lè dà á sínú àgbá kí ẹ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ kí ẹ sì rí ibi tí ó dé. Gáàsì kò ṣeé rí lójú. Níbi tí ọ̀pá gáàsì kò bá dé, a ní láti fún un pọ̀ sínú àgbá irin tí ó nípọn, títí àyè tí ó gbà yóò fi kéré sí nǹkan bí ìpín kan nínú 200 ti tẹ́lẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní CNG. Ọ̀nà kejì ni kí a mú un tutù dé ìwọ̀n 162 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kí ó di omi, kí àyè rẹ̀ sì kéré sí ìpín kan nínú 600. Èyí ni LNG. A ó wá fi ọkọ̀ àjàgbé gbé e gba ojú ọ̀nà tí ẹ̀yin pẹ̀lú ń gbà lọ sọ́jà.

Bí ọkọ̀ CNG bá dé, bí gáàsì ti fún mọ́ inú àgbá tó àti bí ó ti gbóná tó ni a ó fi ṣírò iye tí ó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀: àgbá kan náà, bí oòrùn bá pa á láti òwúrọ̀, ọwọ́ mítà rẹ̀ yóò gòkè, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Olùrà tí ó bá ka mítà ìfúnpá láì ka ti ooru, wọ́n lè ta oòrùn fún un ní owó gáàsì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n má ṣe fi ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ nílé ìwé ṣeré. Súrà kan odindi wà nínú Àlùkùráánì tí ó ń bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí, àwọn oníwàásù a sì máa fi kìlọ̀ fún àwọn ìyá alágbàdo. Kí a máa fi kìlọ̀ fún àwọn onímítà náà.

Kí ni ó máa ń mú kí onílé iṣẹ́ gba ìwé epo sí ọwọ́ ara rẹ̀? Ohun méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni pé agbaṣẹ́ṣe a máa gbé èrè tirẹ̀ lé orí owó epo, onílé iṣẹ́ kò sì ní mọ iye tí olùtà gan-an ń tà á. Ìkejì ni ó burú jù: onílé iṣẹ́ lè san owó rẹ̀ pé pérépéré, kí agbaṣẹ́ṣe má sì san án dé ọ̀dọ̀ olùtà epo. Olùtà yóò ti ẹnu ọ̀pá. Ẹni tí kò jẹ gbèsè ni yóò jókòó sínú òkùnkùn. Èmi kò lè bá ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí jà bí ó bá ní kí a kó ìwé náà wá. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó gba ẹrù lórí alábàárù, ọrùn tirẹ̀ ni yóò máa ro ó. Láti ọjọ́ náà lọ, òun ni ó ni ìyà ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, òun ni ó ni awakọ̀ tí kò sùn, òun ni ó ni mítà tí ó ń parọ́.

Kì í ṣe òní ni iná ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbára lé ẹni tí ó di ìwé epo mú. Láyé àwọn òyìnbó, èédú ni ẹ̀rọ iná Ìjọ́rà ní Èkó ń jẹ. ECN tí ìjọba fi òfin ọdún 1950 dá sílẹ̀ ni ó ń bójú tó o, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sì ni ó ṣí ẹ̀ka rẹ̀ tuntun ní ọdún 1956. Énúgù ni èédú ti ń wá. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé e lọ sí Port Harcourt láti ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e yí etíkun wá sí Èkó. Ẹ wo iye ọwọ́ tí ó gbà kọjá kí gílóòbù kan tó tàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó! Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ti awakùsà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley ní Énúgù, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà tí ń béèrè owó iṣẹ́ wọn, ènìyàn 21 sì kú. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, ọ̀nà èédú dí. Ẹni tí ó bá ń wo ìwé epo bí ìwé lásán, kí ó rántí àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Lẹ́yìn náà ni gáàsì gba ipò èédú. Ẹ̀rọ iná ńlá tí ó wà ní Ẹgbin nítòsí Ìkòròdú, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì, láti ìhà Escravos ní Niger Delta ni ó ti ń rí gáàsì gbà nínú ọ̀pá tí a ṣí ní ọdún 1989. Ti Ọlọ́runṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ní ọdún 2007, gáàsì ni àwọn náà ń jẹ. Kí ẹ lè mọ bí ọ̀fun wọn ti tó: iléeṣẹ́ tí ń pèsè 100 mẹ́gáwáàtì a máa jẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 25 kúbíkì fíìtì gáàsì lójúmọ́ kan.

Òṣogbo tiwa sì ni yàrá tí a ti ń ṣọ́ iná gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wà. Àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ó ń wo iye tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń mú wá. TCN ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2024 ni àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná pàṣẹ pé kí a yà á sọ́tọ̀ fún NISO. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn kan fọ́ ọ̀pá epo Forcados tí ó wà lábẹ́ omi, gáàsì sì wọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún yẹn, ohun tí gbogbo ẹ̀rọ iná ilẹ̀ wa mú wá di òdo fún wákàtí díẹ̀. Òdo ni mo wí. Kò sí ẹnì kan ní Òṣogbo tí ó lè fi bọ́tìnnì dá iná tí kò sí epo nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí gbèsè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn iléeṣẹ́ PHCN, tí í ṣe NEPA àtijọ́, lé àwọn olówó lọ́wọ́. Ìjọba ti mọ̀ ṣáájú pé gbèsè àtijọ́ yóò di ìjà, ó sì ti dá iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ NELMCO sílẹ̀ láti ọdún 2006 kí ó lè gba gbèsè náà rù. Ó tún dá NBET sílẹ̀ ní ọdún 2010 láti máa ra iná lọ́wọ́ àwọn tí ń dá a, kí ó sì máa tà á fún àwọn tí ń pín in, irú bí IBEDC tí ń pín ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń pín iná kò san owó pé fún NBET. NBET kò san pé fún àwọn tí ń dá iná. Àwọn tí ń dá iná kò lè san pé fún olùtà gáàsì. Olùtà gáàsì ní òun kò ta àwìn mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn baba wa tí ń ru aṣọ kiri ìlú dé ìlú, tí ń tà láwìn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n sí òṣómàáló, nítorí pé lórí òṣó ni wọ́n máa wà ní ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Olùtà gáàsì ti di òṣómàáló ìgbà tiwa. Ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí ni kò dá a lójú. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń dá iná, wọn yóò ní kí ó lọ bá NBET. Bí ó bá dé NBET, wọn yóò ní àwọn tí ń pín iná ni. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbà ilẹ̀ wa kéde 213 bílíọ̀nù náírà, apá kan rẹ̀ fún gbèsè gáàsì àtijọ́. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí 701 bílíọ̀nù náírà fún NBET. Ní ọdún 2025, a gbọ́ pé Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí pé kí a ya owó tí ó tó tírílíọ̀nù 4 náírà láti fi san gbèsè àwọn tí ń dá iná. Ẹ wo bí gbèsè ti ń bí ọmọ, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ní "èmi ni mo jẹ ẹ́"!

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń yára gba ìwé kì í kà dé ìsàlẹ̀. Àdéhùn kan wà tí ó ní bí o bá gbà á, bí o kò bá gbà á, owó ni ìwọ yóò san. Ẹ̀rọ iná Azura ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, 461 mẹ́gáwáàtì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba bá a ṣe lórí iná: bí wáyà ìjọba kò bá lè gbé iná náà, owó ń lọ. Ti Odùkpani nítòsí Kàlàbá jẹ́ lórí gáàsì gan-an. Iléeṣẹ́ Accugas ń fi gáàsì ránṣẹ́ sí i láti ọdún 2017, Báńkì Àgbáyé sì dúró bí onídùúró pẹ̀lú 112 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ọdún 2019, Accugas bọ́ lọ́wọ́ Seven Energy sí ọwọ́ Savannah Energy. Olówó rẹ̀ yí padà. Ìwé gáàsì kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni iye tí a gbọ́dọ̀ san kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Ẹ fi dọ́là kún un. Ní ọdún 2014, ìjọba fi iye gáàsì àwọn ẹ̀rọ iná sí dọ́là 2.50 fún 1,000 kúbíkì fíìtì, owó ọ̀pá tí ó gbé e sì jẹ́ sẹ́ǹtì 80. Náírà ni a ń san fún iná, dọ́là ni a ń fi díye lé gáàsì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já lulẹ̀, ẹni tí ó bá gba irú ìwé yìí tí kò ka orí dọ́là, iná ni ó fi aṣọ dì.

Kí n dá ìyá olóúnjẹ lóhùn wàyí. Nínú ìwé fíkì tí a kọ́ nílé kéwú, orí kan wà tí a ń pè ní hawálà, èyí ni gbígbé gbèsè láti ọrùn ẹnì kan sí ọrùn ẹlòmíràn. Ní ojú ọ̀nà ìmọ̀ Málíkì tí àwa ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá, gbèsè kò lè ṣí kúrò lọ́rùn ẹni tí ó jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tí a jẹ lówó gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ bi í. Nítorí náà oúnjẹ tí àwọn awakọ̀ jẹ kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe ni ó jẹ ẹ́, ìbáà ṣe pé ó ti fi ìlú sílẹ̀. Èyí tí wọ́n jẹ láti ọjọ́ kejì, bí iléeṣẹ́ bá sọ fún un pé kí ó máa bọ́ wọn nìṣó, ti iléeṣẹ́ ni. Bí iléeṣẹ́ kò bá sọ nǹkan kan, ti awakọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò dùn mọ́ ìyá nínú, nítorí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà: bí iléeṣẹ́ bá ṣì di owó ìgbẹ̀yìn agbaṣẹ́ṣe mú, ohun tí ó tọ́ ni kí ó béèrè ẹni tí agbaṣẹ́ṣe náà jẹ lówó nídìí iṣẹ́ yẹn kí ó tó tú owó náà sílẹ̀. Òfin lè má fi ipá mú un. Ojú ni kí ó wò.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní mọ́sáláṣí kan tí mo mọ̀ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ kan ni ó ń fa omi, tí ó sì ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọkùnrin kan ni ó ń ra dísù rẹ̀, jàmáà ń dá owó fún un. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tí ó rí ìwé. Nígbà tí a yan ìgbìmọ̀ láti gba iṣẹ́ náà, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní Jímọ́ọ̀ kejì, aládísù dé, obìnrin kan tí ó ti ń ta dísù fún mọ́sáláṣí láwìn láti oṣù mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ gba owó òun. Ìgbìmọ̀ ní, "Ìyá, ẹ lọ bá ẹni tí ó rà á." Mo dìde níbẹ̀, mo bi wọ́n pé, omi tí a fi dísù náà fà, ta ni ó fi ṣe àlùwàlá? Ọkùnrin náà kò rà á sí ilé ara rẹ̀. Jàmáà ni ó rán an níṣẹ́, jàmáà ni ó lò ó. Aṣojú ni, kì í ṣe olùrà. Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa fi yàtọ̀ sí ti agbaṣẹ́ṣe nìyẹn, kí ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. A kó ìwé owó wá, a rí i pé jàmáà dá owó tó fún oṣù méjì, a bi ọkùnrin náà léèrè ti oṣù méjì náà, a sì dá owó oṣù kẹta sí i. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó san án tán. Aládísù ṣì ń tà fún wa.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tí ń gba ìwé epo, ìbáà jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá tàbí ẹgbẹ́ ọjà: ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ wọn epo tí ó wà nínú àgbá, kí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀ jọ dúró, kí olùtà náà wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe gba àgbá lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀. Ẹ pe gbogbo ẹni tí a jẹ lówó, ẹni tí ó gbé epo, ẹni tí ó ṣọ́ ọkọ̀, ẹni tí ó bọ́ awakọ̀, kí wọ́n wá kà á sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ bá dá fún wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ dín iye awakọ̀ kù kí owó lè ṣẹ́ kù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé awakọ̀ tí a fi dandan mú rìn lóru àti lọ́sàn-án pẹ̀lú gáàsì lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà ni a fi wéwu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé iṣẹ́ epo fún, ohùn yín kò burú. Òfin Ìwakùsà ọdún 2007 pàápàá pàṣẹ pé kí ẹni tí ń wa kùsà bá ìlú tí ó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè. Ẹ béèrè ìwé náà, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ epo kì í ṣe ìpín ọdún iléyá. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní owó tí yóò fi ra epo sílẹ̀ de oṣù kan kí wọ́n tó san tirẹ̀, tí kò mọ ìyàtọ̀ ìfúnpá sí ooru, bí ó bá gba irú iṣẹ́ náà, yóò tà á fún àjèjì ní ọjọ́ kejì ni, yóò sì wá di alágbàtà ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Mo fẹ́ràn kí ọmọ wa mẹ́wàá lọ kọ́ bí a ti ń ka mítà ju kí ẹnì kan ṣoṣo gba ìwé tí kò lè ṣe.

Ní ti ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń dá owó jọ ra dísù fún ẹ̀rọ kan, bóyá ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, kò gba ìwé òyìnbó. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó: ọjọ́, iye lítà, iye owó, ẹni tí ó tà á, ẹni tí ó gbà á, iye tí ó kù nílẹ̀, gbèsè tí ó wà níta. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Ti mọ́sáláṣí tí mo sọ yẹn wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ da ilà rẹ̀ kọ, kí ó bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí n lè mú un lọ síbẹ̀, kí ó sì mú bírò tirẹ̀ lọ́wọ́.